Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀rù Tó Ń Ba Ẹni Tó Ń Kọ́ Bí A Ṣe Ń Fi Páráṣúùtì Fò

Àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí fífi páráṣúùtì fò láti inú bàálù kò béèrè iye owó, wọn kò sì béèrè irú aṣọ tí a ń wọ̀. Ẹ̀rù ni gbogbo wọn ń sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bẹ̀rù kí páráṣúùtì má ṣí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló béèrè nípa bíbalẹ̀. Tó bá jẹ́ tiwa ni, bíbalẹ̀ la ò bá fi ṣíwájú, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti forúkọ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti rí oorun sùn. Bí mo bá fa hándù tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀ ńkọ́? — Aláìróorunsùn

Ẹ pẹ̀lẹ́. Páráṣúùtì méjì ló máa wà nínú àpò tí ẹ ó gbé kọ́ ẹ̀yìn, ti àkọ́kọ́ àti ti pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣí nígbà tó bá dára.

Hándù ti àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ àpò, lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá fà á yọ tí ẹ sì jù ú sínú afẹ́fẹ́, páráṣúùtì kékeré kan ló tẹ̀ lé e, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Yóò gba afẹ́fẹ́ sínú, yóò fa okùn pẹlẹbẹ tó so mọ́ ọn, okùn yẹn yóò yọ irin tó pa ẹnu àpò dé. Aṣọ páráṣúùtì gan-an yóò jáde nínú àpò inú, àwọn okùn rẹ̀ yóò tú kúrò nínú rọ́bà tí a fi dì wọ́n, lẹ́yìn náà ni aṣọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Aṣọ kékeré onígun mẹ́rin kan wà tí gbogbo okùn gba igun rẹ̀ kọjá, slider ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dá aṣọ ńlá lọ́wọ́ kọ́ kí ó má baà fẹ̀ lójijì kó sì fa ẹni já kíkankíkan. Ó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé òkè orí yín. Gbogbo rẹ̀ gba bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún yìí gùn lójú ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ rò pé kò ní ṣí mọ́. Ẹ kà á jáde lẹ́nu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Bí ẹ bá dé àrún tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára, ẹ yí èjìká díẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn páráṣúùtì kékeré náà a máa jó lórí ẹ̀yìn ẹni nítorí pé afẹ́fẹ́ kò lágbára níbẹ̀, yíyí èjìká yẹn a sì máa tú u sílẹ̀.

Bó bá ti ṣí, ẹ gbójú sókè. Ṣé ó tẹ́jú, ó sì ní igun mẹ́rin? Ṣé okùn gún, ṣé slider ti sọ̀kalẹ̀? Ṣé ó ń gbọ́ràn bí ẹ bá fa ọwọ́ òsì, bí ẹ bá fa ọ̀tún, bí ẹ bá fa méjèèjì pọ̀? Àwọn nǹkan kan wà tó ń dẹ́rù bani tí kò sì le. Bí okùn bá lọ́ mọ́ra, ẹ di ọ̀já tó gun òkè láti èjìká mú, ẹ fà wọ́n ya síra, ẹ sì máa ta ẹsẹ̀ títí ara yín yóò fi yí padà sọ́nà ibi tó ti lọ́ wá. Bí slider bá há sí àárín, tàbí etí aṣọ kò tíì kún fún afẹ́fẹ́, ẹ fa okùn ìdarí méjèèjì wálẹ̀ dé ìbàdí, ẹ dì wọ́n mú díẹ̀, ẹ tú wọn sílẹ̀, ẹ tún un ṣe. Èyí tí kò ní àtúnṣe ni aṣọ tó fàya gidi, okùn tó gorí aṣọ, tàbí aṣọ tó ń yí yín kíkankíkan tí kò dáwọ́ dúró.

Ẹsẹ̀ bàtà 2,500 ni ààlà ìpinnu fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí kò tíì dára, àtúnṣe ti parí nìyẹn. Ẹ wo hándù pupa tó wà ní àyà ọ̀tún, ẹ dì í mú; ẹ wo hándù onírin tó wà ní àyà òsì. Ẹ tẹ ìbàdí síwájú, ẹ fa pupa títí ọwọ́ yóò fi nà tán, kí ẹ fa onírin tẹ̀ lé e. Pupa ló ń já páráṣúùtì tó bàjẹ́ sílẹ̀, onírin ló ń ṣí ti pàjáwìrì. Ìdí tí pupa fi ń ṣíwájú ni pé bí ẹ bá ṣí kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń yí lókè, méjèèjì lè lọ́ mọ́ ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń kọ́ni pé ọwọ́ méjèèjì ni kó wà lórí hándù kan náà, òmíràn ní ọwọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí olùkọ́ yín bá kọ́ yín ni kí ẹ dì mú, ẹ má pa ọ̀nà méjì pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ẹ má fọwọ́ kan pupa mọ́. Onírin nìkan ni kí ẹ fà, kí aṣọ lè pọ̀ lókè orí yín.

Òrùka irin mẹ́ta tó wọ inú ara wọn ló so páráṣúùtì àkọ́kọ́ mọ́ èjìká. Bill Booth, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ohun èlò páráṣúùtì, ló ṣe irú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé fífà díẹ̀ tó láti já ẹrù tó wúwo sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpò akẹ́kọ̀ọ́ tún ní okùn kan tó so páráṣúùtì àkọ́kọ́ mọ́ ìṣí ti pàjáwìrì, tó fi jẹ́ pé bí ti àkọ́kọ́ bá ń lọ, ó ń fa kejì ṣí. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi onírin sílẹ̀ láìfà. Ti pàjáwìrì yìí, amọṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń dì í. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí wọ́n tú u kí wọ́n sì tún un dì láàárín ọjọ́ 180, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lò ó.

Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣí ti pàjáwìrì fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ̀rù kò wá tán báyìí? — Ọ̀rẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ

Kò tán. Ẹ̀rọ náà wà, AAD ni wọ́n ń pè é. Cypres tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1991 ló gbajúmọ̀ jù. Èyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń lò máa ń ṣiṣẹ́ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 750, bí ẹni náà bá ṣì ń já bọ̀ ní bí máìlì 78 láàárín wákàtí kan. Ti akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró de eré tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní máìlì 120 láàárín wákàtí kan, eré ẹni tó ń já bọ̀ láìtíì ṣí páráṣúùtì, ẹsẹ̀ bàtà 750 kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin àti díẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í já páráṣúùtì tó bàjẹ́ sílẹ̀, okùn kékeré tó pa ẹnu àpò pàjáwìrì dé nìkan ló ń gé. Ó wà fún ẹni tó dákú tàbí ẹni tí gíga ti pòórá lọ́kàn rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n ti tàn án lórí ilẹ̀ kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Bí mo bá dúró sórí bàkónì ilé alájà mẹ́ta, orí mi a máa yí. Ṣé irú mi lè fò? Ọkàn kò ní já wálẹ̀ ni? Ṣé mímí á ṣeé mí? — Olójú òòyì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fò ni kò lè gun àkàbà. Lórí bàkónì, ojú rí ògiri tó so ibi tí ẹ dúró mọ́ ilẹ̀, ọpọlọ sì lè wọn bí ó ti jìn tó. Ní ẹsẹ̀ bàtà 13,000, kò sí ohun tó so yín mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ kàn tẹ́ lọ bí àwòrán ni. Ibi tí òòyì ti ń padà wá sí ara àwọn kan ni lẹ́yìn tí páráṣúùtì bá ti ṣí: ariwo afẹ́fẹ́ dákẹ́, ẹsẹ̀ ń fì nínú òfo. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wo iwájú lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má wo bàtà yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdarí kíákíá.

Ọkàn kì í sábà já bí ẹni pé ẹ̀rọ agbéniròkè sáré sọ̀kalẹ̀, nítorí pé bàálù ti ń sáré ní iwájú kí ẹ tó jáde nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti ń gbá yín mọ́ra láti ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, eré yẹn kàn ń yí láti iwájú lọ sí ìsàlẹ̀ ni. Mímí ṣeé mí dáadáa. Ẹni tó bá ní òun kò rí èémí gbà, òun fúnra rẹ̀ ló séé mọ́nú láìmọ̀. Ẹ pariwo bí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó pariwo kò ní lè ṣàìfa èémí mìíràn.

Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà bàálù tí ẹsẹ̀ mi kọ̀ ńkọ́? Ojú á tì mí o. — Onítìjú

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá bàálù padà sílẹ̀, kò sì sí olùkọ́ gidi tó máa bínú sí i. Ohun kan ṣoṣo la bẹ̀ yín: ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹ tó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó yí ọkàn padà nígbà tí ara rẹ̀ ti wà níta, tó wá di etí ọ̀nà mú, lè dojú ara rẹ̀ dé, ó sì lè já ọwọ́ olùkọ́ gbà kúrò lára rẹ̀.

Ní tiwa, ẹnu ọ̀nà gan-an kọ́ ni ẹ̀rù ti ń ga jù bí kò ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti tú bẹ́líìtì, tí ẹ kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wá iṣẹ́ fún un. Ẹ di ojú, ẹ ṣe ìfò náà lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi ọwọ́ kan hándù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ní kí olùkọ́ tún yẹ àpò yín wò. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e kọ́, kí ẹ tó wọ bàálù, àti kí ẹ tó jáde. Nígbà tí ẹ bá wá ń jáde, ẹ gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ tẹ ìbàdí síwájú. Ẹni tó bá wolẹ̀ ni ara rẹ̀ ń ká jọ.

Kí n wo altimeter tó ń sọ bí mo ṣe ga tó, kí n wo ìpẹ̀kun ojú ọ̀run, kí n tẹ ìbàdí, kí n na ẹsẹ̀... Gbogbo rẹ̀ á fò lọ lórí mi. Bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó ńkọ́? — Agbàgbé

Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa fò lọ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í lè ròyìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ fò lọ ni gíga. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí: ẹ fà á, ẹ fà á ní gíga tó yẹ, ẹ fà á nígbà tí ara dúró déédéé. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ṣeé ṣe pọ̀, ti ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Páráṣúùtì tó ṣí nígbà tí ara wọ́ sàn ju èyí tí kò ṣí rárá.

Ẹ fi nọ́ńbà mọ àkókò. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 àkọ́kọ́ máa gbé yín sọ̀kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àti ààbọ̀ péré ni ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan ń gbà. Láti 13,000 dé 5,500 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣí páráṣúùtì, bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 ló wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ máa wo altimeter tó wà ní ọrùn ọwọ́ òsì lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kọjá láìwò ó. Tó bá di 6,000, kò sí eré ìdárayá mọ́, ojú ò gbọdọ̀ kúrò lórí altimeter. Ní 5,500, ẹ ju ọwọ́ méjèèjì lókè orí kí àwọn tó wà nítòsí lè mọ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún wá hándù, ẹ fà á, ẹ jù ú. Bí ọwọ́ kò bá bá a, ẹ fọwọ́ tọ ìsàlẹ̀ àpò lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ tán lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fa onírin. Àwọn tó ń wá a lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, làwọn tí ilẹ̀ ń bá lójijì.

Nínú ẹ̀kọ́ AFF, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń já bọ̀ láti òkè gíga pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olùkọ́ méjì ló máa ń di akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ́tùn-ún lósì ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò sì lè bá yín sọ̀rọ̀ nínú ariwo yẹn, ọwọ́ ni wọ́n ń fi ṣe é. Ìka méjì tó nà: ẹ na ẹsẹ̀. Ìka méjì tó ká: ẹ ká ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ń mì: ẹ dẹ ara. Ìka kan tó nà: ẹ ṣí páráṣúùtì nísinsìnyí! Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo yòókù, ẹ má gbàgbé ìka kan yìí.

Ní ti yíyí, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan nà, ọ̀kan ká, ẹni náà kò sì mọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé apá kan rẹlẹ̀ ju èkejì, tàbí pé ara le gbandi. Ẹ má fi agbára bá yíyí náà jà nípa fífi ọwọ́ na afẹ́fẹ́, ó ń dá kún un ni. Ẹ ka gíga, ẹ tẹ ìbàdí síwájú, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ dẹ ara. Bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún bá kọjá tí kò dúró, ẹ ṣí páráṣúùtì, ibi yòówù kí ẹ wà.

Ilé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní wind tunnel, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sókè gbé ènìyàn dúró, dára fún kíkọ́ bí ara ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n kò sí gíga níbẹ̀, nítorí náà kò lè kọ́ yín ní ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ti lo wákàtí púpọ̀ níbẹ̀ tún lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù, tí kò rántí wo ọwọ́ òsì.

Mo wọn kílò 90, orúnkún mi kì í sì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ṣé kò ní fọ́ nígbà tí mo bá balẹ̀? — Bàbá olórúnkún

Ìbéèrè tí a ti ń retí nìyí, Bàbá. USPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò ní Amẹ́ríkà, kà á pé ìfò tó wáyé lọ́dọ̀ wọn ní 2023 tó mílíọ̀nù 3.65, ènìyàn 10 ló sì kú. Ó kéré. Àmọ́ bí a bá wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fara pa nínú eré yìí, lábẹ́ páráṣúùtì tó ṣí dáadáa, tí kò ní àbùkù kankan, ni èyí tó pọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń fà á jù ni yíyípo nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó rí ọgbà tàbí igi níwájú, jìnnìjìnnì bá a, ó fa okùn ìdarí kan dé ìbàdí. Páráṣúùtì kì í kàn yí, ó ń rì sísàlẹ̀ bó ti ń yí, eré rẹ̀ ń di ìlọ́po, ó sì nílò gíga kó tó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Gíga yẹn kò sí mọ́. Bí ẹ bá ní láti yẹ nǹkan nísàlẹ̀, ẹ fa okùn méjèèjì dé ààbọ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí ọ̀kan ga díẹ̀ ju èkejì. Aṣọ yóò yí láìrì. Kí afẹ́fẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ tàbí ti ẹ̀yìn gbá yín dé ilẹ̀ sàn ju kí ẹ dójú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí aṣọ ṣì ń yí.

Gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Pápá kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìbalẹ̀, ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ní 600 ẹ yà. Ní 300 ẹ dojú kọ afẹ́fẹ́, ẹ kò sì tún yà mọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá ku bí ìlọ́po méjì gíga yín sí ilẹ̀, ẹ fa okùn méjèèjì wálẹ̀ lọ́gbọọgba títí dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn ló ń pa eré. Bí ẹ bá ṣèèṣì tètè fà á, ẹ má tú ọwọ́ sókè padà, nítorí aṣọ yóò sọ ara rẹ̀ síwájú, yóò sì gbá yín mọ́lẹ̀. Ẹ dá ọwọ́ dúró síbi tó dé, kí ẹ fa èyí tó kù ní ìkẹyìn. Ojú kò gbọdọ̀ wo ìsàlẹ̀ tààrà. Iwájú díẹ̀ ni kí ó wà, bí ẹni pé ẹ ń wo ibi tí ẹ fẹ́ rìn dé. Ẹni tó bá ń wo bàtà ara rẹ̀ máa ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ tó nà gan-an yìí ló sì ń kán.

Nípa orúnkún: ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra pinpin, orúnkún pẹ̀lú, kí wọ́n ká díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ara wó sẹ́gbẹ̀ẹ́: ojúgun, itan, ìdí, ẹ̀yìn lódìkejì. Ìkọlù náà pín sára ibi márùn-ún, kì í ṣe orúnkún nìkan ló gbà á. Ọwọ́ wà nínú, lórí àyà. Ẹ má nà á sílẹ̀ láti gba ara yín dúró, ọrùn ọwọ́ ni yóò san án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tijú láti ṣubú báyìí níwájú ènìyàn, wọ́n á fẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ bí àwọn ọ̀gá. Títí tí olùkọ́ yóò fi sọ fún yín, ẹ ṣubú. Ìwọ̀n yín kò burú, aṣọ tó fẹ̀ dáadáa ni wọ́n máa fún yín. Ẹ sọ kílò yín bó ṣe rí gan-an, ẹ má dín in. Kí ẹ sì fi orúnkún náà han dókítà ṣáájú.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, fẹ́ lọ kọ́ ọ. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọkàn mi tó lè balẹ̀? — Màmá rẹ̀

Ẹ kú àníyàn, Màmá. Ẹ ní kí wọ́n fi káàdì páráṣúùtì pàjáwìrì hàn yín: ọjọ́ tí wọ́n dì í àti ẹni tó dì í wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò nígbà tó bá ń balẹ̀, àti ohun tó máa ṣe bí rédíò bá dákẹ́. Ẹ béèrè ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọn kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fò mọ́. Ìlànà USPA fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá fò ni máìlì 14 láàárín wákàtí kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń yí ìdáhùn yìí po, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Kó jẹun díẹ̀ kó tó lọ, ebi a máa mú èébì wá lábẹ́ páráṣúùtì bí ó bá ń yípo. Bí ọ̀fìnkìn bá mú un, kó sinmi, torí etí tó dí kì í lè bá ìsọ̀kalẹ̀ tó yára bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fò, lẹ́yìn náà mo dá a dúró fún oṣù méjì. Mo fẹ́ padà, ẹ̀rù sì ń bà mí ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. — Olùpadàbọ̀

Kò ṣàjèjì. Nígbà àkọ́kọ́ ẹ kò mọ ohun tó wà níwájú. Nísinsìnyí ẹ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ sì ti gbàgbé. Bí ọjọ́ 30 bá ti kọjá láìfò, abẹ́ àbójútó olùkọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti padà, ó sì lè ní kí ẹ tún ìpele tí ẹ dé kẹ́yìn ṣe. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n so yín kọ́ sínú ọ̀já ìdánrawò lórí ilẹ̀, kí wọ́n máa pe oríṣiríṣi àbùkù fún yín láìsọ tẹ́lẹ̀, okùn tó lọ́, aṣọ tó fàya, hándù tí ọwọ́ kò bá, títí tí ẹ ó fi ń fa pupa àti onírin láìdúró ronú, kí ẹ tó tún gun bàálù.